Àárọ̀ Tí Mo Kúnlẹ̀ Níwájú Kámẹ́rà

Ó tó ènìyàn mẹ́ta tí mo ti bá jiyàn lórí àwọ̀ ewúrẹ́ yẹn, iyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ọ̀kan ni obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, tó ní funfun ni. Èkejì ni àbúrò mi, tó ṣì ń mu ọmú nígbà tí ètò náà ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó ń búra fún mi pé dúdú ni. Ẹ̀kẹta ni ọkọ mi, tí kò tilẹ̀ gbé Accra ní kékeré, àmọ́ tí iyàn kì í kọjá lójú rẹ̀ kó má dá sí i. Àwọ̀ eérú ni. Mo mọ̀, nítorí pé mo fọwọ́ mi kàn án.

Ètò àwọn ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ń sọ o, èyí tí wọ́n máa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ. Obìnrin kan ló ń darí rẹ̀, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Àgbàlá ilé kan ni wọ́n máa ń jókòó sí. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀ tí èso rẹ̀ kì í pọ́n, tí kì í sì í jábọ́, ilẹ̀kùn búlúù kan sì wà lẹ́yìn igi náà tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni ṣí rí. Ewúrẹ́ náà máa ń yọrí láti ẹ̀yìn ògiri kúkurú kan. Òpùrọ́ paraku ni. Á ní òun lòun fọ gbogbo abọ́ ilé, á ní òun kò mọ ẹni tó jẹ iṣu tó sọnù, àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ Àǹtí àti àwa tó wà nílé á sì jọ figbe ta pé, "Irọ́ ni!" Á wá sín, á ju etí rẹ̀ méjèèjì, á jẹ́wọ́. Bí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi Gá àti Twi sí i, kò sì sẹ́ni tó ń kọminú sí i.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ìtàn kan pàtó tí ewúrẹ́ yẹn pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò lè sọ ọ́. Fèrè tó máa ń dún níbẹ̀rẹ̀ ètò ló kù sí mi lórí, àti ìmọ́lẹ̀ kan báyìí, àti òtútù ilẹ̀ tí a jókòó sí. Nígbà mìíràn, tí oorun ọ̀sán bá ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń gbọ́ fèrè náà láti ọ̀nà jíjìn, màá sì mọ̀ nínú oorun pé ilẹ̀kùn búlúù yẹn fẹ́ ṣí. Kì í ṣí. Mo ti wá fídíò ètò náà títí. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí sọ fún mi pé kásẹ́ẹ̀tì wọ́n láyé ìgbà yẹn, pé tí wọ́n bá ti lò ó tán, nǹkan mìíràn ni wọ́n máa ń gbà lé e lórí. Ìyẹn ni pé inú orí àwa tó rí ewúrẹ́ náà nìkan ló kù sí, ó sì ń pàwọ̀ dà bó ṣe wù ú.

Kotobabi, ní Accra, ni ilé wa wà. Ìdílé márùn-ún ló yí àgbàlá kan ká, ti onílé sì ni tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tó wà nínú ilé. Ìyá ará Gá ni onílé wa, opó ni, ara rẹ̀ sanra, ọ̀yàyà rẹ̀ sì pọ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn méjì ló ń tọ́jú tẹlifíṣọ̀n náà sí, á bò ó láṣọ bí ìgbà tí èèyàn bá bo ọbẹ̀. Tí aago bá ti fẹ́ lù, á ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ọmọ ilé á sì wọ́ wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífọ̀, nítorí pé kò gba ẹsẹ̀ dídọ̀tí lórí sìmẹ́ǹtì pupa rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Ó máa ń sọ gbogbo ènìyàn di àwọ̀ ewé, àfi bí ẹnìkan bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èéfín kẹ́ńké, oúnjẹ àgbàdo àwọn Gá, tí wọ́n ń sè nílé kejì á máa gba ojú fèrèsé wọlé, oòrùn á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títí yóò fi kan itan wa, kò sì sí ohun kan láyé tó ń kán wa lójú.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò jẹ́ fi ètò náà ṣeré. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai, ìyá mi ń bá a jókòó níbẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ìyá àgbà ni mo máa ń wà ní gbogbo Sátidé. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí Accra nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ọkọ kú, kò padà. Ọṣẹ dúdú ló ń sè tó sì ń tà. Àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ náà ní alata samina, ọṣẹ àwọn Alata, Alata náà sì ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Tí ètò bá ti kù díẹ̀, á ṣan eérú ọwọ́ rẹ̀ nù, á tún gèlè we, á wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú gbogbo wa. Tí Àǹtí bá kí àwọn ọmọ pé ẹ káàárọ̀, ìyá àgbà á dá a lóhùn ketekete. Àwọn ọmọ ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá àgbà, ṣé Àǹtí ń rí yín ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an lewúrẹ́ ọ̀hún. "Bí kò bá rí mi, ojú ta ló ń wò? Ẹni tó bá kíni, à á dá a lóhùn. Bó rí mi, bí kò rí mi, ìyẹn dọwọ́ ẹ̀."

Ìparí ètò náà ni ìyá àgbà fẹ́ràn jù. Bó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ tó wá láti ilé ìwé kan á tò sí ìlà kan, Àǹtí á sì máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé, kálukú á fi èdè ilé rẹ̀ kí gbogbo Gánà. A gbọ́ Gá, a gbọ́ Twi, a gbọ́ Éwé àti Dàgbánì, a gbọ́ Haúsá láìmọye ìgbà. Ìyá àgbà á na ọrùn. Tí ìlà bá tán, á mí kanlẹ̀, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, á padà sídìí ìkòkò ọṣẹ.

Ó sọ fún onílé wa lọ́jọ́ kan, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé, "Mo ti gbọ́ ohùn gbogbo ayé nínú ẹ̀rọ yín yìí. Tiwa nìkan ni wọn ò tíì pè. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, màá mọ̀ pé wọ́n ti rí wa ní ìlú yìí." Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú rẹ̀.

Ẹ óò wá bi mí pé ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí. Ó kàn mí nítorí pé tíṣà wa wọ kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní wọ́n pe ilé ìwé wa sí ètò náà, ó sì tọ́ka sí ọmọ mẹ́fà tí aṣọ wọn mọ́ tí ohùn wọn sì já gaara. Èmi ni ó tọ́ka sí ṣìkẹrin. N kò mọ bí mo ṣe délé. Ìyá àgbà ń ro ọṣẹ nígbà tí mo sọ fún un, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó kàn ń wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ. Bí ó bá ń dirun fún mi, yóò fi òòyà kàn mí lórí, á ní, "Ó yá, sọ ọ́." N ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìyá mi àgbà tó wà ní Kotobabi, mo kí yín o." Á ní kí n tún un sọ, ohùn mi kò lọ sókè tó. Mo sọ ọ́ títí tí ó fi ń jáde lẹ́nu mi lójú oorun. Yorùbá ẹnu mi kò tilẹ̀ dán mọ́rán nígbà náà. Mo ń gbọ́ ju bí mo ṣe ń sọ lọ, bíi ti gbogbo wa tí wọ́n bí síbẹ̀. Ó ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tó o bá rí Àǹtí yẹn, o mọ ohun tó yẹ kó o ṣe." Kò sọ ohun tó yẹ náà, n kò sì bi í, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti lè dìde dúró ni mo ti ń ṣe é.

Ohun kan wà tí ìyá àgbà kò mọ̀. Ní ilé ìwé, n kì í sọ Yorùbá jáde lẹ́nu. Àwọn ọmọ kan ti fi ọṣẹ ìyá àgbà kọrin fún mi nígbà kan, wọ́n ní Alata samina dé, kí gbogbo wa lọ wẹ̀. Orin náà kò tilẹ̀ burú, ó dùn, èmi pàápàá ì bá jó sí i bí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọmọdé kì í ní ìwọ̀n. Mo ti bá ara mi pinnu pé ará Gá ni n ó máa ṣe níta, kí n wá di Yorùbá bí mo bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ilé wa. Bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kíkí yẹn lábẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà, n kò tíì mọ̀ bóyá n ó sọ ọ́ lóòótọ́.

Òtútù ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo rántí nípa sítúdíò náà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń mú, ibẹ̀ sì dákẹ́, ẹsẹ̀ wa kò tilẹ̀ dún lórí ilẹ̀. Mo rí àgbàlá náà. Pákó ni igi máńgòrò, ìwé tí wọ́n kùn ni èso rẹ̀, ilẹ̀kùn búlúù sì jẹ́ ọ̀dà lásán lórí ògiri, kò ní ìdè, kò ní ẹ̀yìn. Ó yẹ kí ó dùn mí. Kò dùn mí. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi àṣírí kan hàn mí tí wọn kò ní fi han ẹlòmíràn. Ewúrẹ́ náà wà lórí tábìlì, ó la ẹnu sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo na ọwọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó le ni, aláwọ̀ eérú, irú èyí tí wọ́n fi ń bò wá nígbà ọyẹ́. Ojú rẹ̀ kan jẹ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà wá, ó ki apá bọ̀ ọ́, ewúrẹ́ náà gbórí sókè, ó sì kí mi.

Àǹtí kéré ju bí a ṣe ń rí i nílé lọ. Ó wọ aṣọ tó dára gidigidi, ó sì wọ sílípáàsì balùwẹ̀ sẹ́sẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ kò ní jáde nínú àwòrán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí sílípáàsì yẹn.

Wọ́n tò wá. Ọmọ àkọ́kọ́ sọ Twi, èkejì sọ Éwé. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Haúsá, ó kí wọn gùn bí ìwàásù, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ sì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, títí dòní ni mo sì ń bi ara mi pé kí ló wá dé. Àǹtí dé iwájú mi, ó na makirofóònù, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní, "Káàárọ̀, ọmọ dáadáa."

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ibi tí orí wa wà ní ìdúró ni wọ́n dojú kámẹ́rà kọ. Ọkùnrin kan kígbe láti inú òkùnkùn pé, "Ọmọ yẹn dà?" Àǹtí wo ilẹ̀, ewúrẹ́ náà na ọrùn láti ẹ̀yìn ògiri, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ó ti wọlẹ̀!" Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dìde, kí a tún un ṣe. Mo dìde. Àǹtí tún kí mi. Mo tún kúnlẹ̀. N kò fẹ́ kúnlẹ̀, mo ń sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó dúró, àmọ́ àgbàlagbà kan kí mi, ẹsẹ̀ mi kò sì mọ nǹkan mìíràn tí ó lè ṣe. Ẹ̀rín wọn kò ní ìkà nínú. Síbẹ̀, mo rò pé gbogbo wọn ti mọ̀ pé Alata ni mí. Nígbà kẹta, tíṣà wa wá dúró sẹ́yìn mi, ó di èjìká mi mú ṣinṣin.

Àǹtí ní, "Èdè wo lẹ ń sọ nílé yín?"

Mo ní, "Gá."

Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, n kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ojekoo," bí àwọn Gá ṣe ń kíni láàárọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún àwọn yòókù. Wọ́n fún wa ní bísíkíìtì. Ewúrẹ́ tó ń purọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kò sín, kò sì sí ọmọ kan tó figbe ta pé irọ́ ni.

Mo délé, ìyá àgbà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, mà."

"Ohùn ẹ lọ sókè?"

"Ó lọ sókè, mà."

Sátidé kejì sí ìgbà yẹn ni wọ́n máa fi hàn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, mo sì mọ ọjọ́ tí òtítọ́ ń bọ̀ àti aago tí yóò dé. Mo gbàdúrà kí iná lọ lọ́jọ́ náà. Mo gbàdúrà kí tẹlifíṣọ̀n onílé bàjẹ́. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń pe àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń tajà, àwọn tó ń ta aṣọ àti àwọn tó ń ta ọṣẹ, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin. Ó ní kí wọ́n wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ òun. Ó gbé aṣọ tí kì í wọ̀ àfi ọjọ́ ọdún jáde, ó sá a sóòrùn. N kò lè jẹun dáadáa. Ìyá mi rò pé ibà ló fẹ́ ṣe mí.

Iná kò lọ. Pálọ̀ onílé kún débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Fèrè dún, ewúrẹ́ purọ́, ewúrẹ́ jẹ́wọ́, ìlà àwọn ọmọ jáde. Ọmọ Haúsá parí. Àǹtí yí sí ẹ̀gbẹ́, ojú mi sì yọ, ó jẹ́ àwọ̀ ewé, ó kéré, ó ń tàn. Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, mo ti pòórá. Wọn kò gé e kúrò. Ògiri lásán ni a rí, àti ojú Àǹtí tó ń wo ilẹ̀, àti ewúrẹ́ tó na ọrùn.

Onílé wa ló kọ́kọ́ kígbe. Ó ń fọwọ́ lu itan, ó ń fi Gá sọ pé ọmọ ta tún ni yóò kúnlẹ̀ fún kámẹ́rà bí kò ṣe ọmọ Alata ilé òun! Ìyá àgbà ti dìde dúró. Ó na ìka sí ibi tí kò sí nǹkan kan, ó ń sọ fún àwọn ìyá yẹn pé, "Ẹ rí i? Ẹ rí ọmọ mi?" Kò sẹ́ni tó rí mi. Àmọ́ gbogbo wọn ní àwọn rí i, wọ́n ń kí i kú oríire. Mo fẹ́ kí àwòrán náà dúró síbẹ̀ títí ayé, kí n má dìde mọ́.

Mo dìde. Ọwọ́ tíṣà hàn lórí èjìká mi. Wọ́n bi mí léèrè, mo dáhùn. "Gá." Lẹ́yìn náà, "Ojekoo."

Mo gbọ́ bí epo ṣe ń ta nílé kejì. N kò lè gbójú sókè. Ìyá àgbà, tí kì í jẹ́ kí kíkí lọ láìdáhùn, dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn. Gá ló fi dá a lóhùn, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa dá ọmọ ẹnikẹ́ni lóhùn lójú ọ̀nà. Ó wá jókòó.

Mo ti ń retí ẹgba. Mo ń retí òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀, mo sì ti múra láti sunkún sí i. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, ó fún wọn ní ohun mímu, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ba." Gá ni, ó ní kí n máa bọ̀. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni. Kò ṣèèṣì. Láti ìgbà náà, Gá nìkan ló ń bá mi sọ.

Gá ẹnu rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ọjọ́ pípẹ́ ló ti fi ń tajà láàárín wọn, ó mọ ọ̀rọ̀ wọn tó jinlẹ̀, ó ń fa ohùn bí àwọn ìyá etí òkun. Kò bínú sí mi. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó wẹ ẹ̀yìn mi, ó so bàtà mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á ní, "Ojekoo. Te oyɔɔ tɛŋŋ?" láti béèrè bóyá ara mi le, á sì kọjá lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, oríkì mi ló fi ń dáhùn kíkí mi, oríkì gígùn tó ní àwọn baba ńlá àti erin nínú, á máa fọwọ́ pa mí lórí títí yóò fi kà á tán. Kò sí oríkì fún mi ní Gá. Kò sí àlọ́. Mo ń gbé inú ilé wa bí ọmọ àlejò tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa, n kò sì tíì mọ ohun tó burú tó ìyẹn láyé mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbọ́ tí ìyá mi ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fà á létí, kẹ́ ẹ jẹ́ ó tán. Ọmọdé ni."

"Kí ni màá fà á létí sí? Inú ò bí mi." Yorùbá ni ìyá àgbà fi dáhùn, ó dùn mí pé kì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ fún. "Ó ti sọ èdè ilé ẹ̀ fún gbogbo Gánà. Ṣé kí n wá sọ ọmọ mi di òpùrọ́ ni?"

Mo sunkún títí oorun fi gbé mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú, mà." Ó dá mi lóhùn ní Gá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Gá náà ni. Ọmọ kékeré ni mí, kò yé mi pé ìta ni mo ti sọ nǹkan náà nù, inú yàrá ni mo sì ti ń wá a.

Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n jẹ́ kí a tètè jáde nílé ìwé. A pọ̀ ní oríta, à ń lá omi dídì aládùn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti fi mí ṣe ẹni ńlá láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń ní kí n tún pòórá kí àwọn wò ó. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí ìyá àgbà lókèèrè. Ó ń bọ̀ láti Cow Lane, níbi tó máa ń gbé ọṣẹ lọ fún àwọn ìyá Mùsùlùmí lọ́jọ́ Jímọ̀, atẹ wà lórí rẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí eékún rẹ̀. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi. Kò pè mí, kò dẹ́sẹ̀ dúró, ó gba ẹ̀gbẹ́ òdìkejì gọ́tà, ó fẹ́ kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ń ṣe é kí ojú má baà tì mí ni. Ìyẹn ló da ọkàn mi rú.

Mo ju omi dídì nù, mo sáré sọdá gọ́tà, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa, orúnkún méjèèjì gbà! Ohùn tó jáde lẹ́nu mi ju ara mi lọ. "Ẹ káàsán, mà! Ìyá mi àgbà, mo kí yín o!"

Awakọ̀ kan tó fẹ́ kó èrò sínú tòròtòrò, bọ́ọ̀sì akérò wọn, bojú wẹ̀yìn wò wá. Mo gbọ́ tí ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, n kò wẹ̀yìn. Ẹni tó gbé ẹrù sórí kò lè yí ọrùn nìkan, nítorí náà gbogbo ara ni ìyá àgbà fi yí sí mi, díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ kan di atẹ mú. Ó wò mí títí. Mo ń dúró de Gá, mo ti mọ̀ pé bó bá jẹ́ Gá ló sọ, n kò ní lè dìde níbẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Dìde níbẹ̀, jàre. Ta lo rò pé ó máa fọ aṣọ yẹn?"